Oògùn Tó Tètè Là

Ẹ̀rù ń bà mí láti òwúrọ̀, mi ò ní purọ́. Orúnkún ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ fún ní oògùn tí èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ṣe. Gólù ni gbogbo ayé ń pè é láti ìgbà tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ọjọ́ tí wọ́n gbá a lórúnkún lórí pápá ni bọ́ọ̀lù ti tán, ṣùgbọ́n ìrora kò tán. Àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ ti di òkè fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi òun ṣe ẹni àkọ́kọ́.

Inú èèpo kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí ni oògùn náà wà. Bí ó bá tutù, èèpo á pa ẹnu dé. Bí ó bá dé oríkèé tó wú, tó ń gbóná, á máa là díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Bí gbogbo rẹ̀ bá là lẹ́ẹ̀kan náà, á jẹ eegun rírọ̀ tó ṣẹ́kù nínú orúnkún náà.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn ni wọ́n ní kí n dúró sí, torí mo jẹ́ ẹbí. Nígbà tí wọ́n pè mí wọlé, dókítà ti ń fi òwú tẹ ojú abẹ́rẹ́.

“Tújú ká jàre,” Gólù ní. “Ṣé ìwọ ni wọ́n gún ni?”

Ìgbà náà ni mo rí abọ́ omi tó ń rú èéfín níwájú nọ́ọ̀sì, tí ìgò oògùn wa ń léfòó nínú rẹ̀.

“Nọ́ọ̀sì, kí ni ìgò yìí ń ṣe nínú omi gbígbóná?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Abẹ́rẹ́ tútù máa ń dun èèyàn, mà. Mo kàn jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Gbogbo aláìsàn mi ni mo máa ń ṣe é fún.”

Àánú ló ṣe é. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí inú bí mi, torí mi ò rí ẹni tí mo lè bú.

“Dókítà, ẹ fà á padà! Ó ti là!”

Dókítà kò bi mí ní nǹkankan. Ó ki abẹ́rẹ́ mìíràn bọ orúnkún, Gólù di etí bẹ́ẹ̀dì mú, omi tó lẹ́jẹ̀ jáde. Dókítà gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ iná.

“Ó tó ìdajì,” ó ní. “Ìyókù ò wá.”

Gólù, tó lè dẹ́rìn-ín pa òṣónú, kò rẹ́rìn-ín mọ́; ó yíjú sí mi.

“Àbúrò, ìwọ lo ṣe é. Kí ni ìdajì tó kù máa ṣe fún mi?”

Mo wá irọ́ tí mo lè pa, mi ò rí.

“Mi ò mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má bínú.”

Ó wo orúnkún rẹ̀, ó wò mí, ó sún díẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.

“Jókòó,” ó ní. “Má jẹ́ kí èmi nìkan máa wò ó.”