Owó Ìfiránṣẹ́ Ju Ọjà Lọ

Ó tún gbé páálí náà sórí òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀kejì. Abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n mì díẹ̀, ó sì dúró síbi tó dúró sí tẹ́lẹ̀.

"Mà, kò lè wúwo ju bó ṣe wúwo lọ," akọ̀wé tó wà lẹ́yìn gíláàsì wí. Ọkùnrin náà mọ̀ ọ́n dáadáa. Gbogbo ilé ìfìwéránṣẹ́ ló mọ̀ ọ́n, bí oníbúrẹ́dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ṣe mọ̀ ọ́n: Àǹtí Rìsíìtì, télọ̀ tí kì í ju ìwé ọjà kankan nù.

"Mi ò ní kó wúwo sí i. Ẹ bá mi kọ iye tí ẹ máa gbà láti fi í ránṣẹ́, kí ẹ sì lu òǹtẹ̀ sí i."

Akọ̀wé kọ ọ́, ó lu òǹtẹ̀ sí i, ó sì ti ìwé náà gba abẹ́ gíláàsì. Ó wá yí páálí náà sí òdìkejì. Gbogbo rẹ̀ ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. "Ẹ̀ka wa tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin ló ti wá. Inú ìlú yìí náà ni. Ẹni tó fi í ránṣẹ́ ì bá kúkú fẹsẹ̀ gbé e wá fún yín."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kó fara balẹ̀ mọ́.

Irin pẹlẹbẹ kan ló wà nínú páálí, irú èyí tí àwọn télọ̀ máa ń dè mọ́ máṣíìnì láti fi ṣe ojú bọ́tìnì. Wọn ò ṣe irú rẹ̀ mọ́ fún máṣíìnì àtijọ́ bíi tirẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ló rí i níbi tí wọ́n ti ń ta ọjà ní gbàǹjo lórí ayélujára. Ó dá iye lé e, kò sí ẹni tó bá a du ú, irin sì di tirẹ̀ ní owó tí kò tó ra búrẹ́dì méjì. Owó ìfiránṣẹ́ ni àrà. Ìlọ́po méje owó irin ni. Ó san án. Nígbà tí ẹrù dé tó rí i pé iye tó wà lára sítáǹpù kéré gan-an sí èyí tí òun san, inú bí i.

Ó ti kọ̀wé sí olùtajà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni onítọ̀hún fèsì: "Ẹ má bínú. Ẹ dá irin náà padà, màá dá gbogbo owó yín padà, títí kan èyí tí ẹ bá fi dá a padà." Èsì náà tún wá bí i nínú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ta ló sọ fún un pé òun fẹ́ dá irin padà? Ó ti dán an wò lórí àkísà, ojú bọ́tìnì mẹ́fà ló ṣe láìfa òwú já. Owó tó lé ni òun ń bèèrè. Àwọn tó ni ìkànnì náà sì ti sọ pé òun ní títí di agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ òní láti fẹjọ́ sùn. Bí ẹ̀bi bá jẹ́ ti olùtajà, wọ́n á lé e kúrò nínú ọjà wọn. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, ló ń tún sọ lọ́kàn bó ṣe ń padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Máṣíìnì méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan kọjú sí ọ̀kan. Ọdún mọ́kànlélógún ni òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin fi jókòó bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń ránṣọ, tí wọ́n ń bú ara wọn láìbínú. Ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, iṣẹ́ gbé ọkọ àbúrò lọ sí ìlú mìíràn, àbúrò sì tẹ̀lé ọkọ rẹ̀. Aṣọ funfun ni wọ́n fi bo máṣíìnì rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹ̀gbọ́n ti bá àwọn olómi jà lórí owó omi tí wọ́n kọ ní àkọjù, ó sì ti mú aṣojú onílé dé iwájú agbẹjọ́rò nítorí gílóòbù àtẹ̀gùn. Kódà ó gbé búrẹ́dì padà fún oníbúrẹ́dì pé ó fúyẹ́ ju ti àná lọ. Gbogbo rẹ̀ ló borí. Bó bá ti borí, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ fún bí ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà ara rẹ̀ á tún máa wá ìjà mìíràn.

Kóòtù nọ́ọ̀sì kan wà lórí tábìlì, ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀ wá gbà á. Ó jókòó tì í. Ó rán apá kan, ó tú u. Ó wo fóònù. Ó dìde lọ síbi fèrèsé, ó padà wá, ó tún wo fóònù. Láago mẹ́ta ààbọ̀, ó ṣí ìwé ẹ̀sùn lórí fóònù, ó kọ ìlà méjì, ó pa á rẹ́. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Àdírẹ́sì ẹni náà ṣáà wà lẹ́yìn páálí. Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó sì gba ọ̀nà ibùdókọ̀ ojú irin lọ, ó ń fi ìka ka ohun tó máa sọ bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀.

Àjà kẹta ni ilé náà. Bàbá àgbàlagbà kan ló ṣílẹ̀kùn, ó ti awò ojú rẹ̀ sí iwájú orí.

"Ẹ káàsán, sà. Ṣé ẹ̀yin lẹ ń ta nǹkan ní gbàǹjo lórí ayélujára?"

"Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tà á." Bàbá rí páálí lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì na ọwọ́ méjèèjì. "O ti dá a padà. O ṣeun. Wọlé, jọ̀ọ́."

Ó gbá páálí mọ́ àyà. "Mi ò dá a padà, sà. Owó ni mo bá wá."

Yàrá náà há. Máṣíìnì kan wà lẹ́bàá fèrèsé. Lórí tábìlì àti lórí àwọn àga ni sísọ́ọ̀sì wà, àti okùn ìwọnṣọ, àti rílì òwú lóríṣiríṣi, bébà kékeré tó ní nọ́ńbà lára ohun kọ̀ọ̀kan. Máṣíìnì náà ní tirẹ̀.

"Ìyàwó mi ni télọ̀," bàbá wí. "Ó ti lé lọ́dún kan tó ti ṣaláìsí. Ọmọ mi ní ẹrù rẹ̀ ti gba ilé mọ́ mi lọ́wọ́. Ọmọ dáadáa ni. Ó ya fọ́tò gbogbo rẹ̀, ó gbé e síbẹ̀. Owó ìfiránṣẹ́ nìkan ló ní kí n máa kọ, torí ilé ìfìwéránṣẹ́ ni mo ti fẹ̀yìntì."

"Ẹ mọ iye tó yẹ kó jẹ́ nìyẹn."

"Mo mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó."

Kò retí pé bàbá máa jẹ́wọ́ kíá bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ tó kà lọ́nà ò ríbi dúró sí mọ́.

"Iye tó tọ́ ni mo kọ́kọ́ ń kọ," bàbá ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ọjọ́ kejì ni ẹnìkan ra sísọ́ọ̀sì rẹ̀ ńlá. Mo gbé e lọ fi ránṣẹ́, mo padà délé, mi ò lè jẹun. Mi ò sì lè sọ fún ọmọ pé kó má tà á mọ́. Òun náà ti sunkún tó. Mo wá ń bu owó lé owó ìfiránṣẹ́. Mo ní, wèrè wo ló máa san irú owó yìí? Odidi oṣù mẹ́fà, kò sẹ́ni tó ra nǹkan kan." Ó wò ó. "Àfi ìwọ."

Ẹ̀rín fẹ́ gbọ̀n ọ́n lẹ́nu, ó gbé e mì.

"Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?" bàbá bèèrè.

"Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, sà. Mo fi ṣe ojú bọ́tìnì mẹ́fà, kò fa òwú já."

Bàbá mi orí. "Máa lò ó nígbà náà. Eruku ló ń jẹ ẹ́ níbí." Ó fa àpòòwé kan yọ lábẹ́ máṣíìnì. "Owó ìfiránṣẹ́ tí o san nìyí. Láti ọjọ́ tí o ti kọ̀wé àkọ́kọ́ ni mo ti dì í."

Obìnrin náà mú èyí tó lé, ó dá iye tí akọ̀wé lu òǹtẹ̀ sí padà sórí tábìlì. "Ó parí, sà. Mi ò ní fẹjọ́ sùn." Ó ti borí. Ó dúró kí inú rẹ̀ dùn, inú ò dùn.

"Àbí o ò rí iye náà kí o tó sanwó ni?"

"Mo rí i, sà."

"Kí ló wá dé tí o fi san án?"

Ìdáhùn wà nílẹ̀: ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, irin náà ni òun nílò. Ó la ẹnu láti sọ ọ́. Àmọ́ àbúrò rẹ̀ ló ń fọwọ́ ṣe ojú bọ́tìnì nínú ṣọ́ọ̀bù fún ọdún mọ́kànlélógún. Òun ò fìgbà kan rò pé òun máa nílò irin fún un. Ó sì rántí ọjọ́ tí iye náà yọ lójú fóònù. Inú ò bí i lọ́jọ́ náà. Ara rẹ̀ yá ni, bíi ti ẹni tó gbọ́ tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn.

"Àbúrò mi kó lọ," ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

Bàbá ò bi í pé kí ni ìyẹn ní í ṣe pẹ̀lú owó ìfiránṣẹ́. Ó ń kó àwọn rílì òwú kúrò lórí àga kejì, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Jókòó," ó wí. "Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ni ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu ẹ̀ jù?"

Ó jókòó. Ó ti fẹ́ sọ pé àbúrò òun ni, kó tó rántí pé òun gan-an ni.