Ẹṣin Bíṣọ́ọ̀bù Chad

Àga oníke méjì la so pọ̀, a da aṣọ búráùn bò wọ́n, wọ́n di ẹṣin. Èmi ni mo kọ eré náà fún ṣọ́ọ̀ṣì wa, tó wà nínú ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan lẹ́yìn òpópónà Rye Lane. Ìtàn Chad ni, bíṣọ́ọ̀bù kan nílẹ̀ England níbí ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ ló máa ń fi rìn láti abúlé dé abúlé. Lọ́jọ́ kan, Theodore, bíṣọ́ọ̀bù àgbà, sọ fún un pé wọn ò fi í joyè bó ṣe yẹ. Chad ò jà. Ó ní òun á fi oyè sílẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Èyí wú Theodore lórí débi pé ó tún fi í joyè, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e sórí ẹṣin.

Uncle Délé ni mo ní kó ṣe Chad, mo sì nídìí. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti ń darí kíláàsì àwọn ọmọdé. Lóṣù tó kọjá, pásítọ̀ ní wọn ò ní ìwé-ẹ̀rí tí òfin ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú ọmọ, pé Zoe, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ni yóò gba ipò náà. Látìgbà yẹn, tí Zoe bá kí wọn, wọn kì í dáhùn. Wọ́n ní bí eré bá ti parí, àwọn á gbé Bíbélì àwọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn ní àdúgbò Elephant. Mo bá fi Zoe ṣe Theodore. Lójú mi, gbogbo rẹ̀ ti bára mu.

Níbi ìdánrawò ló ti kọ́kọ́ dojú rú. Mo kọ ọ́ pé kí Chad kúnlẹ̀.

"Kí èmi kúnlẹ̀ fún Zoe, ọmọ Bernice?" ni Uncle bi mí. "Bánjí, yunifásítì tó o lọ yẹn, kí ni wọ́n kọ́ ẹ níbẹ̀ gan-an?"

Mo yọ ìkúnlẹ̀ kúrò.

Lọ́jọ́ eré, Zoe dúró gangan, ó di ọ̀pá ìgbálẹ̀ mú bí ọ̀pá bíṣọ́ọ̀bù. Bí Uncle ṣe yọ báyìí, orúnkún Zoe ti kanlẹ̀: ẹ káàárọ̀, sà. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà ló ń kúnlẹ̀ kí ẹni tó fẹ́ yọ nípò. Ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn kọ́tìnì, mo dorí kodò.

Uncle ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wo Zoe nílẹ̀ títí, wọ́n wá ṣí fìlà.

"Bí wọn ò bá fi mí joyè bó ṣe yẹ, màá fi í sílẹ̀ tayọ̀tayọ̀. N ò fìgbà kankan rò pé mo tó o."

Ohun tí mo kọ fún Zoe ni "Gun ẹṣin." Kò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún àgbà. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n gun ẹṣin, sà, ó sì kì wọ́n mọ́ lábẹ́ apá. Uncle sanra. Ó fà, ó fà, wọn ò kúrò nílẹ̀.

"Fi mí sílẹ̀ jàre, kí ẹ̀yìn má lọ dá." Èyí ò sí nínú ìwé mi. Wọ́n fúnra wọn jókòó sórí àga kan, wọ́n fọwọ́ lu èkejì. "Jókòó síbí. Ìwé-ẹ̀rí yẹn, báwo lèèyàn ṣe ń gbà á?"

Zoe jókòó sí ìdí ẹṣin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Nígbà tí mo rí i pé àwọn méjèèjì ti gbàgbé wa, mo rọra fa kọ́tìnì.