Èjí Màmá Mi

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí òní, Ọjọ́bọ̀, ni mo ta jí pẹ̀lú omijé lójú. Mo lá a pé màmá mi wà lẹ́yìnkùlé ilé wa àtijọ́, ó ń gbin eyín bí ẹni ń gbin àgbàdo. Kí n tó ṣẹ́jú, eyín náà ti hù sí i lẹ́nu. Wọ́n funfun báláú, wọ́n sì lẹ̀ mọ́ra, kò sí èjí mọ́. Bàbá mi tó ti kú gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọlé.

"Ẹ kúulé, mà. Ìyá Bùkọ́lá ńkọ́?"

"Èmi nìyí, Bàbá Bùkọ́lá!"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ má fi mí ṣeré, mà. Eléjìí nìyàwó mi." Ló bá yí kẹ̀kẹ́ padà.

Mo ti jáde yunifásítì, síbẹ̀ bí ọmọdé ni mo sunkún. Kì í ṣe ẹ̀rù. Àárò àwa mẹ́ta nínú ilé yẹn ló sọ mí.

Ní Mọ́ńdè ni dókítà máa gbin eyín àtọwọ́dá méjì sínú egungun ẹnu Màmá, níbi tí èjí rẹ̀ wà kí eyín iwájú rẹ̀ tó ká. Dókítà ní òun lè dá èjí náà sí. Màmá ní, "Ẹ dí i. Ta ni mo tún fẹ́ fi èjí rẹ́rìn-ín sí?"

Ó wù mí kí n sọ pé, "Èmi ni, Màmá." Ṣùgbọ́n ẹnu tirẹ̀ ni. Ẹ̀yin tó ń kà á, ṣé kí n rọ́ àlá yìí fún un, àbí kí n dákẹ́?