Téèpù tí Ìyá Bọ́lá gbé kọ́ mi lọ́rùn

Mùfú, jókòó kí n rọ́ àlá tí mo lá lóru àná fún ọ. Pírámárì mẹ́ta péré ni mo kà, ṣùgbọ́n o mọ̀ pé kò sí télọ̀ tó tó mi ládùúgbò yìí. Èmi kì í fi téèpù wọn ènìyàn. Ojú ni mo fi ń wọ̀n wọ́n.

Nínú àlá náà, àárín odò ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ẹsẹ̀ mi ò sì tutù. Ewúrẹ́ kan ń fẹsẹ̀ tẹ maṣíìnì mi. Rírán rẹ̀ gún, kò kàn tó tèmi ni. Ni Ìyá Bọ́lá, ìyàwó mi tó kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, bá wọlé. Ó mú bùbá tí mo rán fún Ràlíá, obìnrin tí mo fẹ́ fẹ́ báyìí, ó wọ̀ ọ́. Ó bá a mu rẹ́gí.

"Bàbá Bọ́lá, ẹ̀wù ta nìyí?"

"Ti Ràlíá ni."

"Irọ́ ni. Tèmi ni. Ẹ ò tíì wo obìnrin yẹn rí."

Ó bọ́ téèpù lọ́rùn ara rẹ̀, ó gbé e kọ́ mi lọ́rùn, ó sì fa ewúrẹ́ náà lọ.

Má bi mí ní ìtumọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bùbá mẹ́rin ni mo ti rán fún Ràlíá, gbogbo rẹ̀ ló fún un lápá. Mo ní ó ń jẹun jù ni. Òun náà ní bí ìkarùn-ún bá tún fún òun, kí n lọ fẹ́ ẹni tí ẹ̀wù náà bá mu.

Nígbà tí mo jí, ojú mi tutù. Òógùn ni.

Mùfú, ìyàwó rẹ ní téèpù, àbí? Bá mi yá a. Tó bá bèèrè, sọ fún un pé fèrèsé ni mo fẹ́ wọ̀n.