Nǹkan Oṣù Májẹ́ójó

Nígbà tí nǹkan oṣù Májẹ́ójó kọ̀ tí kò dé, ẹ̀rù ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ bà á. Kí n má purọ́ mọ́ ọkùnrin náà, kì í lu ìyàwó, kì í sì í mutí yó. Káfíńtà ni, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti gbé obìnrin yìí wọlé ló ti sọ fún un pé ìyàwó òun àkọ́kọ́ ti bí ọmọbìnrin méjì fún òun kó tó kó ẹrù rẹ̀ lọ, kí ó ṣì máa lo oògùn ìfètòsọ́mọbíbí ná. Tí àwọn bá kúrò nílé àyágbé, àwọn á jọ sọ ọ́. Wọ́n kúrò nílé àyágbé, ó ní kí àwọn ọmọbìnrin òun kọ́kọ́ jáde ilé ìwé. Wọ́n jáde, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ẹ̀yìn ta ló fẹ́ fi pọn ọmọ, èmi ò mọ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ fún àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ni obìnrin náà ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló wà nídìí áyọ́ọ̀nù tó tóbi jù, èyí tó ń tú ooru omi gbígbóná sí ojú ẹni tó bá dì í mú. Májẹ́ójó ni wọ́n ń pè é, nítorí ohun tó máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá gba áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà ní yàrá náà, wọn kì í sì í ṣí i kí eruku má baà bà lé aṣọ funfun. Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo Ọlọ́ya ló ń ṣe: kò sẹ́ni tí kì í làágùn níbẹ̀. Nígbà tí ooru wá bẹ̀rẹ̀ sí í gun Májẹ́ójó lójijì láti àyà dé orí, áyọ́ọ̀nù ló ń bú. Nígbà tó ń jí lórí ibùsùn tí òógùn bò ó, ó ní ooru iṣẹ́ ni kò tíì jáde lára òun.

Ìyá Bọ́tìnnì, tó máa ń rán bọ́tìnnì tó bá já padà, ló ṣàkíyèsí pé kò bá àwọn dá owó sí páàdì nǹkan oṣù tí wọ́n jọ máa ń rà. Obìnrin yìí ti bí mẹ́fà, kò sì sí ohun tí kò mọ̀ nípa inú ẹlòmíràn. Ó wo ọrùn rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó ní ooru yìí kì í ṣe ti áyọ́ọ̀nù, ooru oyún ni. Májẹ́ójó ní òun ò fo oògùn òun rí. Ìyá Bọ́tìnnì bi í bóyá oògùn ni Ọlọ́run.

Ẹ̀rù bà á. Lọ́jọ́ kan tó ń lọ àpò ìrọ̀rí, ó ṣàdédé rí i pé òun ń ká aṣọ náà bí ẹni ń fi aṣọ wé ọmọ. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó wẹ̀yìn bóyá ẹnì kan rí òun. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni, ó fẹ́ bímọ, ó sì ti pẹ́ tó ti ń fẹ́ ẹ láìsọ.

Ó sọ fún ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà fi ohùn jẹ́jẹ́ dá a lóhùn.

"Wọ́n á máa pè ẹ́ ní ìyá àgbà tí o bá lọ mú un nílé ìwé. Lọ yọ ọ́."

"N ò ní yọ ọ́."

Látìgbà tí wọ́n ti ń gbé pọ̀, kò kọ̀ sí i lẹ́nu báyìí rí. Ọkọ ní òun á máa sùn ní ṣọ́ọ̀bù òun títí orí rẹ̀ á fi pé. Ìyàwó ní kó máa lọ. Ó lọ lóòótọ́, àmọ́ kò pẹ́ tó fi padà, torí kò sí ẹni tó máa lọ aṣọ fún un níbẹ̀.

Ilé ìwòsàn gba ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ Májẹ́ójó, wọ́n ní kó padà wá gba èsì. Nọ́ọ̀sì kékeré kan ló pè é wọlé, ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀. Ó ní kó fọkàn balẹ̀, kò sí oyún kankan. Ìròyìn ayọ̀ ló rò pé òun mú wá, ṣebí ẹni tó ń lo oògùn kò fẹ́ oyún ni. Ó ní dókítà ti wo èsì ẹ̀jẹ̀, ọjọ́ orí ló dé, nǹkan oṣù rẹ̀ ló ń dáwọ́ dúró.

"Ẹ ò mọ̀ ni, mà? Ooru á ti máa mú yín tipẹ́."

"Iṣẹ́ ooru ni mò ń ṣe."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ kú oríire, kò ní pẹ́ tí ẹ ò fi ní nílò oògùn mọ́. Májẹ́ójó bi í pé tí òun bá jáwọ́ nínú oògùn náà lónìí ńkọ́, ṣé ọmọ ṣì lè dúró. Ẹ̀rín kúrò lójú ọmọbìnrin náà. Ó ní kò sóhun tí Ọlọ́run ò lè ṣe. Tí nọ́ọ̀sì bá ti gbé ọ̀rọ̀ lé Ọlọ́run lọ́wọ́, aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́ nìyẹn.

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn aláboyún, ó sunkún. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fọwọ́ gbá a lẹ́yìn pẹ̀lẹ́, ó ní bí òun náà ṣe sunkún ayọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn.

Nígbà tó délé, ọkọ rẹ̀ ti ń dúró dè é ní pálọ̀.

"Sọ fún mi pé kò sí nǹkan kan."

Májẹ́ójó wò ó. Ó mọ bí ara ṣe máa tù ú tí òun bá sọ òótọ́. Á ní ṣé ó wá rí i báyìí, á béèrè oúnjẹ, á sì sùn fọnfọn.

"Ìbejì ni," ó ní.

Ọkùnrin náà wá àga, kò rí i, ó jókòó sílẹ̀. Ìyàwó mọ̀ pé irọ́ yìí ò lè pẹ́, ikùn ló máa tú u fó. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ti fi ọ̀la tan òun jẹ títí ọ̀la fi tán. Kí òun náà fi ìbejì tàn án jẹ fún ìwọ̀nba ìgbà tó bá gbà. Ó fa àga kan, ó gbé e kọjú sí i, ó jókòó kí ó lè rí ojú rẹ̀ dáadáa.