Èèwọ̀ Ọ̀pẹ Nílé Ògúnníyì

Bọ́láwálé tẹ́ kàlẹ́ńdà náà sórí tábìlì, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí rẹ̀ mú kó má baà ká.

"Bàbá, ẹ wò ó. Bàbá ńlá wa rèé."

Májẹ́kódùnmí wò ó. Ọba ni wọ́n yà síbẹ̀, tòun ti adé, ìlẹ̀kẹ̀ àti ìrùkẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: Ọmọ Ọba Ògúnníyì, Ẹni Tó Tẹ Oko Ògúnníyì Dó. Ṣùgbọ́n ojú tó wà lábẹ́ adé náà, ojú Bọ́láwálé ni, pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó wú bíi ti ẹni tó ń fẹ́ná.

"Ta ló rí i rí tó fi yà á?"

"Ayàwòrán ní kí n jókòó fún òun. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ṣáà ni wá."

Itọ́ korò lẹ́nu Májẹ́kódùnmí. Ó gbé e mì, nítorí pé kápẹ́ẹ̀tì ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀.

Ọdún kejì tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Òǹdó sílẹ̀ nìyẹn, tí Àkúrẹ́ di olú ìlú. Ilẹ̀ tí ènìyàn kì í wò lẹ́ẹ̀mejì tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí ọmọ ìyá ń tìtorí rẹ̀ ṣe bí ẹni tí kò mọ ara wọn. Ìjọba ti kéde pé òun yóò gba ilẹ̀ láàárín Ìjàrè àti Ìgbàrà-Òkè, àti pé àwọn onílẹ̀ yóò gba owó gbà-má-bínú. Oko Ògúnníyì wà nínú rẹ̀.

Ọmọ Òǹdó ni ìdílé Ògúnníyì. Òǹdó ni ilé wọn wà, ibẹ̀ ni wọ́n ń sin òkú wọn sí. Ṣùgbọ́n oko yẹn ló bọ́ wọn láti ìran dé ìran. Kòkó ibẹ̀ ló rán Májẹ́kódùnmí níléèwé, tó fi di tíṣà, tó fi di ọ̀gá ilé ìwé, tó fi fẹ̀yìn tì. Bọ́láwálé ọmọ àbúrò rẹ̀ ti di kọngílá ní Àkúrẹ́, ó ti kọ́lé sí Ìṣìkàn, ó ń wa ọkọ̀ Pijó. Òun ló pe ìpàdé. Ó ní kí Bàbá tó jẹ́ àgbà, tó sì mọ̀wé, lọ wádìí ìtàn ẹni tó dá oko náà, kó lè sọ ọ́ fáwọn awọnlẹ̀ ìjọba lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé.

"Ìtàn náà ò le," ni Bọ́láwálé wí. "Wọ́n du bàbá wa lóyè ní Òǹdó, ó fi ìbínú jáde, ó wọ igbó tí ẹnikẹ́ni ò dé rí. Ẹ̀rí rẹ̀ ni èèwọ̀ ọ̀pẹ wa. Ta ni kì í kọ ọ̀pẹ bí kì í bá ṣe ọmọ ọba? Ẹ ṣáà lọ sí Ìjàrè, kí àwọn àgbà ibẹ̀ bá wa gbè é lẹ́sẹ̀."

Òótọ́ ni ti èèwọ̀. Kò sí ọmọ Ògúnníyì tó ń fi àdá kan ọ̀pẹ nínú oko yẹn. Bí ẹyìn bá pọ́n, àwọn ará Ìjàrè ló ń wá kọ ọ́. Lójú Májẹ́kódùnmí nígbà tó wà lọ́mọdé, ńṣe ni wọ́n ń sìn wọ́n. Ó bi bàbá rẹ̀ léèrè lọ́jọ́ kan pé ṣé epo tí àwọn fi ń jẹ iṣu kò ti ara ọ̀pẹ wá ni. Ìgbátí ni bàbá rẹ̀ fi dá a lóhùn. Láti ìgbà náà ló ti gba èèwọ̀ náà gbọ́. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń fi ìran wọn yangàn níléèwé, òun náà á ní, "Àwa kì í kọ ọ̀pẹ." Bó ṣe sọ ọ́ fáwọn ọmọ rẹ̀ náà nìyẹn.

Ó lọ sí Ìjàrè. Ó bá Màmá Agnes nídìí ìkòkò epo. Màmá yìí, tí Agnes jẹ́ orúkọ ìrìbọmi rẹ̀, ló dàgbà jù nínú àwọn tó kù nílé Adébùsóyè, ìdílé tó ń wá kọ ọ̀pẹ náà, òun ló sì ń fi ẹyìn oko náà ṣe epo jẹun.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá."

"Ta nìyẹn? Súnmọ́ bí. Ojú yìí ò tó nǹkan mọ́."

"Májẹ́kódùnmí ni. Ọmọ Ògúnníyì, láti oko."

"Háà! Ọmọ tó ń ru iṣu tó ń sunkún! Ṣé ọrùn rẹ ti nà báyìí?"

Ó rántí. Lọ́dọọdún, bí iṣu tuntun bá ti jáde, ìyá rẹ̀ á ṣa èyí tó tóbi jù, á gbé e rù ú, wọ́n á wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ bàbá ńlá ni wọ́n ń kí.

Ó jókòó sórí àpótí, ó béèrè ọ̀rọ̀ èèwọ̀ ọ̀pẹ. Màmá dá igi ìro epo dúró. Ó wò ó. Ó bú sẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

"Èèwọ̀ kẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ń fi epo yí iṣu bí ẹni ń wẹ̀ ẹ́! Òjò ló gbá bàbá ńlá yín àti ìyàwó rẹ̀ wọ ìlú yìí. Egbò bo ẹsẹ̀ rẹ̀, kò lè dúró. Bàbá bàbá mi ló gbà á sílé, tó wò ó sàn, tó fún un nílẹ̀. Ó ní, 'Gbin ohun tó o bá fẹ́. Ọ̀pẹ tó o bá níbẹ̀, tiwa ni, má fọwọ́ kàn án. Bí iṣu tuntun bá jáde, jẹ́ ká mọ̀ pé o rántí wa.' Ìṣákọ́lẹ̀ lò ń rù, Tíṣà. Wọn ò sọ fún ọ?"

"Wọn ò sọ."

"Lẹ́yìn ikú ìyá rẹ, a ò rí ẹnikẹ́ni mọ́. Mo ní bóyá iṣu ò ta fún yín ni." Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ro epo rẹ̀.

Nígbà tí Májẹ́kódùnmí padà dé Ìṣìkàn, ó ro gbogbo rẹ̀ fún Bọ́láwálé. Bọ́láwálé ń fi igi tayín. Kò tilẹ̀ yà á lẹ́nu.

"Mo mọ̀."

"O mọ̀?"

"Bàbá mi sọ fún mi kó tó kú. Gbogbo wa la mọ̀, Bàbá. Ẹ̀yin nìkan lẹ gba ti èèwọ̀ gbọ́. Ìdí tí a fi ní kẹ́ ẹ sọ ọ́ nìyẹn. Ẹni tó gba ọ̀rọ̀ gbọ́ ló lè mú ẹlòmíì gbà á. Mo rò pé kò sẹ́ni tó ṣì rántí ní Ìjàrè. Ìyá àgbà yẹn ò bímọ, kò mọ̀wé. Ta ló máa gbọ́ tiẹ̀?"

Májẹ́kódùnmí ti àga rẹ̀ sẹ́yìn. Ó dìde.

"N ò níí sọ ọ́."

"Kò burú." Bọ́láwálé tu èérún ẹran sórí kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀. "Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá dójú tì wá níwájú ìjọba, ẹ lọ wá ibòmíràn tí wọn ó sin yín sí. Wọn ò ní gbẹ́ ilẹ̀ ní Òǹdó fún yín."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Fọlákẹ́ ìyàwó rẹ̀ wà ní Òǹdó, lábẹ́ ilẹ̀, lẹ́yìn ilé. Òun fúnra rẹ̀ ló fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun ló ń ro oko ojú ibẹ̀.

Ó jáde.

Ọjọ́ tí àwọn awọnlẹ̀ dé, gbogbo ìdílé pé sábẹ́ ọ̀pẹ inú oko. Bọ́láwálé wọ agbádá, ó ń pín kàlẹ́ńdà. Màmá Agnes náà wá, ó fi ọ̀pá tilẹ̀. Wọn ò fún un níjòókòó.

"Àgbà wa ń bọ̀," ni Bọ́láwálé ń wí fáwọn awọnlẹ̀. "Ọ̀gá ilé ìwé ni. Ẹ máa gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀."

Wọ́n rí i tó ń bọ̀ láti inú ebè. Iṣu ló rù. Ọrùn rẹ̀ ń gbọ̀n, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́. Ó gba iwájú Bọ́láwálé kọjá, ó sọ iṣu náà kalẹ̀ lẹ́sẹ̀ Màmá Agnes, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrùpẹ̀.

"Ìṣákọ́lẹ̀ wa rèé, Màmá. Ó pẹ́."

Olórí àwọn awọnlẹ̀ bọ́ fìlà rẹ̀.

"Bàbá, ta ló ni ilẹ̀ yìí?"

"Bi ẹni tó ń gba iṣu."

Awọnlẹ̀ náà kúrò lọ́dọ̀ Bọ́láwálé, ó lọ dúró ti Màmá.

"Ẹ ti pa wá!" ni Bọ́láwálé ké. "Òkú ìgbẹ́! Ajá ni yóò jẹ yín!" Ó wọ Pijó rẹ̀. Àwọn ìyókù nínú ìdílé rún ara wọn sínú ọkọ̀ tó kù, wọ́n fi eruku bo Májẹ́kódùnmí.

Májẹ́kódùnmí dìde díẹ̀díẹ̀. Kàlẹ́ńdà kan wà nílẹ̀. Ó ṣà á, ó fi nu ẹrùpẹ̀ kúrò ní ọwọ́ àti àyà rẹ̀, ó sì jù ú nù.

Nígbà tí àwọn awọnlẹ̀ ti gbé igi wọn wọ inú igbó, Màmá Agnes fi ọ̀pá kan iṣu náà.

"Ta ni yóò wá sin ọ́ báyìí?"

"Ẹni tó bá rí òkú mi."

"Hùn." Màmá yí padà sí ọ̀nà Ìjàrè. "Gbé e tẹ̀lé mi nígbà náà. Àbí èmi ni n ó rù ú?"

Májẹ́kódùnmí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé iṣu náà rù, ó tẹ̀lé e.