Òkúta Ààlà Aldersyke

Ẹ ti fura pé opó inú ilé àánú páríìṣì ni yóò kó jáde. Ẹ kò ṣì í. Wilfred Thackray ti jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó ní tìmùtìmù nínú yàrá opó náà, Edith Garth, ó gbé ìwé ńlá tó fúnra rẹ̀ kọ lórí ìtàn páríìṣì Aldersyke lé orúnkún bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

"Màmá, kì í ṣe èmi ni mo sọ ọ́. Àwọn tó kọ́ ilé àánú yìí lọ́jọ́ kìíní ló ní tálákà tí a bí ní ìletò Òkè Aldersyke nìkan ni kó máa gbé e. Ilé bàbá yín wà ní òdìkejì odò. Ìsàlẹ̀ Aldersyke nìyẹn."

"Wilfred, odò yẹn ti yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀ kí wọ́n tó bí ìyá mi. Òkúta ni ààlà. Ẹ̀yìn àká ọkà wa ló wà. Orí rẹ̀ la ti máa ń jẹ búrẹ́dì."

Wilfred rẹ́rìn-ín ọ̀mọ̀wé. "Ẹ wo àwòrán ilẹ̀ yìí. Ṣé ẹ rí òkúta kankan níbẹ̀?"

"Ṣebí ìwọ lo yà á."

Wilfred gbàgbé láti sọ pé àwọn alábòójútó ilé àánú, tí òun jẹ́ alága wọn, ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n sọ yàrá náà di ibi ìkówèésí fún iṣẹ́ ìwádìí òun. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ a máa bọ́ lọ́kàn àgbà.

Wọ́n gbé Edith, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, tó fi ogójì ọdún fọ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wọn, lọ sí ilé ìtọ́jú arúgbó kan nígboro. Wọn ò jẹ́ kó mú ológbò rẹ̀ dání. Ó di ọjọ́ kọkàndínlógún, ó kú. Wọ́n gbé e padà wá sin, torí ìletò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà ní páríìṣì ló jọ ni itẹ́ òkú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bi òkú ní ibi tí wọ́n bí i sí.

Nígbà tó di oṣù karùn-ún, gbogbo ìjọ jáde rìn yí ààlà ká bí wọ́n ti ń ṣe lọ́dọọdún, tí wọ́n ń fi pàṣán na òkúta ààlà kọ̀ọ̀kan kí ìrandíran má baà gbàgbé. Wilfred ló ṣíwájú. Lọ́dún yìí, àlùfáà tuntun, obìnrin kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bọ̀rọ̀, dúró létí odò.

"Ọ̀gá Thackray, òkúta ti ibí yìí ńkọ́?"

"Kò sí òkúta níbí. Odò ni ààlà."

Len Ogle, àgbẹ̀ tó ni pápá náà, wú ikọ́ díẹ̀. "Ó wà nínú ọgbà yín, sà. Èmi àti bàbá mi la fi katakata gbé e wá fún yín ní ogún ọdún sẹ́yìn. Ẹ ní ó máa bá òdòdó róòsì yín mu."

Wilfred wo pàṣán ọwọ́ rẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n ń lé Màmá Edith?" àlùfáà bi Len.

"Ta ló bi mí?"

"Ó dáa, mo bi yín báyìí. Níbo lẹ ti wú òkúta náà?"

Len lé ajá rẹ̀ síwájú, gbogbo wọn sì tẹ̀ lé e gba orí afárá, wọ́n kọjá ilé tí wọ́n bí Edith sí, wọ́n kọjá àká ọkà. Ihò náà ṣì wà níbẹ̀, omi òjò kún inú rẹ̀, ó fi ogójì ìṣísẹ̀ kọjá ilé náà, sí apá Ìsàlẹ̀ Aldersyke.